Omi Tó Rọ̀ Bí Òjò fún Ìyé

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń da ọkàn rò lórí iṣẹ́ tí ẹ ó yàn, n kò ní kí ẹ wá ṣe púlọ́ńbà o. Ohun tí ojú mi rí nídìí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ fi wọn tiyín wò. Láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti ń to páìpù omi sínú ilé onílé, títí orúnkún mi fi ní òun ò gun àkàbà mọ́. Mo ti wá jókòó báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ni ọkàn rẹ̀ ń rìn jù, ibì kan náà sì ni tèmi ń rìn lọ ṣáá: Òkìtìpupa ayé àtijọ́, nígbà tí omi ìjọba ṣì ń yọ ní ìdájí, tí ọ̀gá mi sì ṣì wà láàyè.

Ìgbódìgò ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi fi mí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Òkìtìpupa, kí n lè máa bá a ṣe iṣẹ́ ilé. Ìyá Rótìmí ni gbogbo ènìyàn ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí. Púlọ́ńbà ni ọkọ rẹ̀, Bàbá Rótìmí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ní ti fẹsẹ̀ fẹ, àwọn kan gba Èkó lọ, àwọn kan gba Wàrí. Lọ́jọ́ kan, ó nílò ẹni tí ara rẹ̀ lè gba ẹnu táǹkì kọjá, kó lè bá a ha ẹrẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ síngbọnlẹ̀. Èmi sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Mo wọlé. Nígbà tí mo jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ pupa dé etí, ó bi mí pé kí ni mo rí níbẹ̀. Mo ní ẹrẹ̀ náà pọ̀ lápá ibi tí páìpù ti jáde ju apá kejì lọ, ó jọ pé táǹkì náà ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ yá mi lò. Àyálò yẹn ni ẹnikẹ́ni ò dá padà títí dòní.

Ti owó, ẹ má bi mí. Ó bọ́ mi, ó bọ́ àwọn ọmọ mi, ó tán.

Bàbá le. Bí inú bá ń bí i, Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ló máa ń sọ. Bí inú rẹ̀ bá dùn, kì í sọ nǹkan kan. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sípánà títí mo fi pọn omi gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn oníbàárà rẹ̀ títí ọrùn fi ń ro mí. Ó ní ẹni tí kò bá mọ bí omi ṣe wúwo tó, kò lè mọ iṣẹ́ tí òun ń bẹ páìpù. Páìpù onírin la ń lò nígbà náà. A máa ń fi irin mú un pinpin, a ó fi dáì, irin tó ń gé eyín sára páìpù, gé ẹnu wọn kí wọ́n lè wọ inú ara wọn bíi ìdérí ìgò, a ó wá fi ọ̀gbọ̀ tí a kùn ní ọ̀dà pupa wé e kó má baà jò. Bí mo bá so oríkèé kan tán, Bàbá á bu eérú gbígbẹ sí abẹ́ rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Nírọ̀lẹ́, á padà wá wo eérú yẹn. Bí ojú ẹ̀kán omi kan ṣoṣo bá wà lára rẹ̀, màá tú u. Mo tú, mo tún so, mo tú, títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi le bí pátákó.

Àwọn ènìyàn ò ṣàì sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọkọ wo ló máa fẹ́ obìnrin tó ń gbé páìpù lé èjìká. Ìyá Rótìmí alára ò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, pàápàá ìgbà tí omi bá dákẹ́ sínú páìpù tí a sì ń wá ohun tó dí i lọ́nà. Bàbá kò gbà kí n ti orí táǹkì bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ní ẹ̀bá ẹ̀bá ni a ti ń lá ẹ̀kọ gbígbóná. Bí wọ́n bá ní omi ṣáwà ò lágbára, ojú ṣáwà ni a ó kọ́kọ́ tú. Bí omi bá tú yaa lẹ́yìn tí a yọ ọ́, a mọ̀ pé ìpẹtà àti yanrìn ló dí àwọn ihò rẹ̀. Bí kò bá tú, a ó wo ibi tí wọ́n ti ń ti omi, bóyá ẹnìkan ló ti í dé ìdajì tó gbàgbé. Lẹ́yìn náà la ó fi irin kan páìpù: èyí tí inú rẹ̀ mọ́ á dún gbọn-ọn, èyí tí ìpẹtà ti kún á dún bí ìkòkò tó kún. Bí omi bá ń wúkọ́, tó ń dá, tó tún ń wúkọ́, afẹ́fẹ́ ló há síbi tí páìpù ti yọ gegele. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá tán la tó lè gbé ojú sókè wo táǹkì.

Ìyé ló jẹ́ kí n mọ ohun tí iṣẹ́ yìí wà fún.

Ìyé ni àwọn ará etí òkun ń pe ìyá, orúkọ tí gbogbo wa sì mọ arúgbó náà sí nìyẹn. Ẹja gbígbẹ ló tà láyé rẹ̀. Orí omi ni ilé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ilé onípákó tó dúró lórí òpó, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún létí òkun. Òkun jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi mú ilé náà lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Bùọ̀dá Dúró, tó ń ta àwọ̀n àti ìwọ̀ ní Òkìtìpupa, gbé e wá sínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọ́. Òkè ni ó fi í sí, nítorí arúgbó náà ní òun ò ní sùn nílẹ̀lẹ̀ láyé òun. Ó ní ẹni tó bá sùn mọ́lẹ̀, omi á bá a lójú oorun.

Ara rẹ̀ kò le mọ́. Kò lè bẹ̀rẹ̀ bu omi nínú garawa. Bùọ̀dá Dúró wá ra ṣáwà fún un, kí omi lè máa já lé e lórí níbi tó jókòó sí. Ṣùgbọ́n omi ọ̀hún ò já, ṣe ló ń kán tó-tó-tó. Nítorí ìdí èyí ni wọ́n fi pe Bàbá.

Bàbá jẹ́ ọkùnrin, kò lè wọ ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà. Èmi ló wọlé, tí mo ń bá a wẹ̀yìn, tí mo sì ń wo bí omi ṣe ń ṣe. Ojú ṣáwà ni mo kọ́kọ́ tú, mo gún àwọn ihò rẹ̀ ní abẹ́rẹ́, mo fọ ìpẹtà kúrò. Omi pọ̀ díẹ̀ sí i. Ìyé na ọwọ́ sí i.

Ó ní, "Ọmọ mi, èyí kì í ṣe òjò. Ìrì ni."

Mo bi í pé irú òjò wo ni ó ń fẹ́. Ó ní òjò ilé àwọn. Ó ní bí òjò bá ti ṣú lórí òkun, ìyá òun á pe gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin síta, wọn á tò síwájú ilé lórí pákó, òjò á sì máa lù wọ́n lórí àti léjìká títí ara wọn á fi gbóná. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé orí ilẹ̀ pupa yìí, òun ò tíì wẹ̀ rí. Omi ni òun kàn ń fi nu ara.

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún Bàbá bó ṣe sọ ọ́. N kò mọ̀ pé ó máa wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ kejì, a tú páìpù tó lọ sókè, ìpẹtà ti kún un débi pé ìka mi ò lè wọ ẹnu rẹ̀. A pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí inú rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, a sì yọ àwọn kọ̀rọ̀ tí ẹni àkọ́kọ́ fi ṣe é, nítorí gbogbo ibi tí omi bá ti ń yà ni agbára rẹ̀ ń kù sí. Omi dáa sí i. Síbẹ̀ ìrì ni. Bàbá wá jáde síta, ó gbé ojú sókè. Táǹkì wà lórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ìwọ̀n apá kan péré ni ìdí rẹ̀ fi ga ju ẹnu ṣáwà tó wà lókè lọ. Ó pè mí.

"Wò ó dáadáa. Omi kì í ta ènìyàn látibi tí kò ga. Gíga ni agbára omi."

Ó fẹ́ kí wọ́n fi irin ṣe òpó gíga tuntun. Irin máa pẹ́ kó tó dé, ara Ìyé sì ń rẹ̀ lójoojúmọ́. Káfíńtà kan ní àwọn igi líle kan wà tí wọ́n tú lára ilé àtijọ́ kan. Bàbá kan àwọn igi náà, ó fi ọ̀bẹ gún wọn, wọ́n le. Ó gbà. Mo rò pé bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ òjò yẹn, kì bá tí gbà.

Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n ti gbé táǹkì sórí òpó gíga, omi sì ti ń wọ̀ ọ́. Bàbá wà lókè níbẹ̀, ó ń so páìpù ìkẹyìn. Èmi àti Ìyé wà nínú ilé ìwẹ̀, ó ti jókòó sórí àpótí rẹ̀ pẹ̀lú ìró lára, a ń retí. Mo gbọ́ tí igi ké. Kò pẹ́, gbogbo ilé mì, ìró omi bò wá bí ẹni pé odò ya wọ àgbàlá. Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Òpó kan ti ṣẹ́ sí méjì láàárín. Inú rẹ̀ rí ṣákálá, ikán ti jẹ ẹ́ láti inú, wọ́n wá fi èèpo líle sílẹ̀ lóde fún wa láti fọwọ́ kàn. Táǹkì dojú dé. Bàbá wà nínú ẹrẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yí síbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í yí sí.

Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni, "Ta ló wà lábẹ́ táǹkì?"

Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni. Ó wá pa ojú rẹ̀ dé.

Itan rẹ̀ ló ṣẹ́. Wọ́n pe ẹni tó ń to eegun wá láti Òsóòrò, ó so ó, ó fi igi há a. Ó ní Bàbá á rìn, ṣùgbọ́n kò ní gun òkè mọ́. Ọ̀rọ̀ wá kún ilé. Àwọn kan ní obìnrin tó ń fọwọ́ kan irin ló fà á. Ìyá Rótìmí ò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sunkún, ó ní kí n di ẹrù mi kí n padà sí Ìgbódìgò lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, iṣẹ́ tí ènìyàn ń jókòó ṣe. Bàbá wà lórí ẹní, ó kọjú sí ògiri. Nílé Bùọ̀dá Dúró ńkọ́, Ìyé ò wọ ilé ìwẹ̀ mọ́ rárá. Ó ní ìfẹ́ ọkàn òun ló ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

N kò di ẹrù. Mo ń bá Ìyá Rótìmí gún ata, mo ń se pùpùrù, mo ń gbé oúnjẹ fún Bàbá, ọkàn mi sì wà lára òpó yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń yí nínú: gíga ni agbára omi. Bí mo ṣe ń fọ abọ́ lọ́jọ́ kan ni ó yé mi pé gíga ní orí àti ìdí. Bí a ò bá lè gbé orí sókè, ṣé a ò lè gbé ìdí sísàlẹ̀? Mo nu ọwọ́ mi, mo wọlé tọ Bàbá lọ, mo kúnlẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, táǹkì kò ní láti ga sí i. Ìyé ló yẹ kó sọ̀kalẹ̀."

Ó wá yí ojú kúrò lára ògiri, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣubú.

Ó ní, "Lọ wí fún un. Èmi ò lè gun àtẹ̀gùn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, títo páìpù rọrùn ju ìyẹn lọ. Ìyé ní kí n má dá a lábàá. Ó ní òkun ti gba ilé òun, ṣé èmi náà fẹ́ gba òkè tó kù fún òun ni. N kò bá a jiyàn. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bi í bí ilé rẹ̀ ṣe rí. Ó sọ ọ́ fún mi: bí pákó ṣe ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba abẹ́ ilé kọjá, bí ènìyàn ṣe ń mọ ẹni tó ń bọ̀ láti ara ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní bí káfíńtà bá tẹ́ pákó sórí òpó kéékèèké nínú yàrá ìsàlẹ̀, tí àyè wà lábẹ́ rẹ̀, ṣé ó ṣì lè ní ilẹ̀ ni òun sùn sí?

Ó wo ọwọ́ mi, ó mú un, ó fọwọ́ pa ibi tó le nínú àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Ṣé pákó náà á dún?"

Mo ní á dún.

Wọ́n tẹ́ pákó. Mo fúnra mi yẹ igi kọ̀ọ̀kan wò, mo là wọ́n lórí kí n lè rí inú. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ òpó tuntun fún táǹkì, kò ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ibi tí táǹkì wà kí a tó gbé e ga náà ló padà sí. Èmi nìkan ni mo gé páìpù, mo sì mú un tààrà láti ìdí táǹkì wá sí ilé ìwẹ̀ ìsàlẹ̀, kò yà síbì kankan àfi ibi tó pọn dandan. Lọ́jọ́ tí a ó ṣí i, àwọn ọkùnrin méjì fi àga gbé Bàbá wá sí àgbàlá. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ògiri ilé ìwẹ̀.

Mo mú Ìyé wọlé. Ó jókòó. Mo ṣí omi. Ó kọ́kọ́ tu afẹ́fẹ́ jáde, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó dà. Ó dà bí ohun tó ti ń bínú látọjọ́ pípẹ́. Ó lu Ìyé lórí, ó lù ú léjìká, ó ń ta sí mi lójú, aṣọ mi rin gbindin. Ìyé gbé ojú rẹ̀ sókè sí i. Ó ń pe orúkọ àwọn ènìyàn, àwọn orúkọ obìnrin, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kà wọ́n níbi tí wọ́n tò sí. N kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Nígbà tó ṣe, mo na ọwọ́ láti ti omi.

"Má tì í," ni ó wí.

N kò tì í. Ó jókòó sábẹ́ rẹ̀ títí táǹkì fi gbẹ.

Nígbà tí mo jáde, Bàbá ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e kalẹ̀ sí, orí rẹ̀ fara ti ògiri. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò yìn mí. Ó ní kí n lọ bu eérú wá sábẹ́ àwọn oríkèé.

Ìyé gbé lórí pákó yẹn títí ó fi kú, ìwẹ̀ òwúrọ̀ ò sì yẹ̀ lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni èmi àti Bàbá ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lọ́nà mìíràn. Òun á jókòó nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, èmi á gun òkè. A lọ sí ilé olùkọ́, ilé àlùfáà, ilé àwọn tó fi owó epo pupa kọ́lé. Wọ́n á gbé àga fún un, á máa bi onílé léèrè ìgbà tí omi dáa gbẹ̀yìn, èmi á máa ké ohun tí mo rí lókè sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kí n tó ké tán, ó ti mọ̀ ọ́n. Kò sí ọdún kankan nínú ayé mi tó dùn tó ọdún wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ n kò mọ̀ nígbà náà.

Lẹ́yìn náà ni ayé yí. Páìpù oníke dé, ó fúyẹ́, kì í pẹtà, gọ́ọ̀mù ni a fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Dáì mi wà nínú àpò lásán. Téèpù funfun gba ipò ọ̀gbọ̀ àti ọ̀dà pupa. Omi ìjọba ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá ṣíwọ́, oníkálukú gbẹ́ kànga oní-ẹ̀rọ tirẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ti omi kó lè lágbára. Ó dára. N kò ní sọ pé kò dára. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ń ṣe láàárín òwúrọ̀ ohun tí èmi àti Bàbá ń fi ọ̀sẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n wọn kì í kan páìpù gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́, nítorí ike kì í dáhùn.

Kí ike tó dé ni Bàbá ti kú, nígbà tí ogun abẹ́lé ti parí tí ìlú ti rọlẹ̀, ní àsìkò ọyẹ́. Ó sùn, kò jí. A sin ín, àwọn ènìyàn jẹun, wọ́n lọ. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n wá pè mí sí Ìjù-Odò, sí ilé olùkọ́ kan tí kò mọ̀ wá rí. Omi ṣáwà rẹ̀ ń dá, ó ń wá. Ó gbé àga sí àgbàlá fún mi, mo kí i, ṣùgbọ́n n kò jókòó. Mo tú ojú ṣáwà, ó mọ́. Mo kan páìpù, ó dún gbọn-ọn. Mo gun òkè, mo tọ páìpù náà lẹ́sẹẹsẹ dé ibi tó ti fo igi àjà kan kọjá, tó yọ gegele bí ẹ̀yìn abuké. Mo tú oríkèé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ jáde fùú, omi sì tẹ̀lé e.

Mo ké sí ìsàlẹ̀, "Bàbá, afẹ́fẹ́ ni."

Olùkọ́ náà jáde síta, ó gbé ojú sókè, ó bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀gá mi ni.

Ó wo ojú ọ̀nà síhìn-ín, ó wò ó sọ́hùn-ún. Ó wá ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé àga kan sí i wá. N kò lè sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń bọ̀. Mo wà lórí àjà níbẹ̀, mo mú sípánà dání, mo ń wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń fi etí aṣọ nu àga náà, tó gbé e sábẹ́ igi níbi tí òjìji wà.